Soundbar wo lẹ máa rà tó bá jẹ́ orin lẹ fẹ́ máa gbọ́ ju fíìmù lọ?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò soundbar, ìyẹn sípíkà gígùn bí igi tí wọ́n ń gbé sábẹ́ TV, fíìmù ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á ní hẹlikópítà gba òkè orí àwọn kọjá, wọ́n á ní bọ́ǹbù dún tí àga mì, inú wọn á máa dùn. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n fún èmi àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, fíìmù lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, orin ni tojoojúmọ́, látàárọ̀ tá a bá ń gbálẹ̀ títí dalẹ́ Sátidé tí àlejò bá kún pálọ̀. Soundbar tó sì mọ fíìmù í ṣe dáadáa lè má mọ orin í kọ rárá.

Kí n tètè sọ èrò mi: fún orin, iye sípíkà tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ló ṣe bàbàrà. Ohun tó ṣe bàbàrà ni pé kí ọ̀tún àti òsì ẹ̀ yàtọ̀ síra dáadáa, kí báàsì ẹ̀ jẹ́ báàsì gidi, kí ọ̀nà tí orin ń gbà dé inú ẹ̀ sì bá bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ilé yín mu. Tẹ́ ẹ bá ti mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dání wọ ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọmọ ọjà tó lè fi ẹnu dídùn gba owó yín.

KÍ LA FẸ́ FI WỌ̀N WỌ́N?

Ìlù ló ṣáájú. Mo mọ̀ pé àwọn òyìnbó máa ń fi jazz àti dùùrù dán sípíkà wò, ṣùgbọ́n ní tèmi o, kò sí ohun tó ń tú àṣírí soundbar bíi gángan. Ẹ mú orin jùjú tàbí fújì kan tẹ́ ẹ ti mọ̀ látòkè délẹ̀, ẹ jẹ́ kí fọ́lúùmù wà nílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ́tí sí onígángan nígbà tó bá ń ki èèyàn. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń kì, àbí gbì-gbì-gbì lásán lẹ̀ ń gbọ́? Ohùn ìlù yẹn, àárín ló ń gbé, níbi tí ohùn èèyàn náà wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ soundbar olówó pọ́ọ́kú ti máa ń ṣófo: wọ́n á fi báàsì dí ìsàlẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ta ṣí-ṣí-ṣí lókè, olórin á wá dà bí ẹni tó ki orí bọ garawa tó ń kọrin. Àwọn tó ṣe é ò ya òpònú o, wọ́n mọ̀ pé báàsì àti ṣí-ṣí-ṣí ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì ni ọ̀tún àti òsì. Orin tá à ń gbọ́, ti àná ni o, ti òde òní ni o, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń pín in sí, èyí tó máa jáde lọ́wọ́ ọ̀tún àti èyí tó máa jáde lọ́wọ́ òsì. Tí sípíkà méjèèjì bá jìnnà síra tó, ẹ máa gbọ́ gìtá níbì kan, agogo níbòmíì, olórin fúnra ẹ̀ á dúró láàárín. Soundbar wá jẹ́ igi kan ṣoṣo, bóyá 60 sẹ̀ǹtímítà, bóyá mítà kan lé díẹ̀, ẹ̀yin sì jókòó ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí i, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Gbogbo ẹgbẹ́ olórin á fún ara wọn mọ́ ìdí TV. Torí náà tí orin bá jẹ yín lógún, igi tó gùn sàn ju igi kúkúrú lọ, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí 5.1, 7.1.4, 11.1.4 gbé yín lọ́kàn jù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti àwọn sípíkà tó yí yín ká, èkejì ni wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ta ohùn sókè àjà. Tí orin yín bá jẹ́ ọlọ́nà méjì, ẹ̀rọ ló máa fi ọgbọ́n orí ara ẹ̀ pín in kiri, ó lè dùn, ó sì lè ba orin jẹ́. Àwọn orin tí wọ́n dìídì ṣe ní Dolby Atmos, ọ̀nà tí ohùn fi ń yí èèyàn ká títí kan òkè orí, wà lóòótọ́, Apple Music bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àmọ́ ẹ lọ wá àwo àpàlà tí bàbá yín ń gbọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ iye tẹ́ ẹ bá rí fún mi.

Báàsì ńkọ́? Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì, tí wọ́n bá ta á láìtẹ ibì kankan, ìró ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 41 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà ínǹṣì méjì tó wà nínú igi tín-ín-rín ò lè débẹ̀, afẹ́fẹ́ tó lè tì ò tó, kò sì sí sọfitíwia tó lè yí ìyẹn padà. Ààyè ni báàsì gidi ń fẹ́, yálà wúfà lọ́tọ̀ tàbí igi tó sanra gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ọjà nítorí wọ́ọ̀tì. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa ò tíì gbàgbé ìgbà tí wọ́n ń kọ PMPO gàdàgbà pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì sára rédíò tí kò lè ju kí ará ilé kejì gbọ́ ọ lọ. Ọgbọ́n yẹn ò tíì kú, aṣọ ló pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, níwájú nọ́ńbà, ẹ lè gbà á gbọ́ díẹ̀, tó bá jẹ́ max tàbí peak, ẹ fò ó kọjá.

Ọ̀nà tí orin ń gbà wọlé wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò títí wọ́n á fi gbé e délé. Bluetooth ni gbogbo wa mọ̀, ẹ kàn so fóònù mọ́ ọn, orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń fún orin náà kó tó lè gba afẹ́fẹ́ kọjá, SBC, ọ̀nà ìfún tó wà lára gbogbo ẹ̀rọ, ò ju nǹkan bíi 328 kbps (iye dátà orin tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, LDAC ti Sony lè dé 990 kbps tí fóònù àti soundbar bá jọ ní in, iPhone ò sì ní in. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kbps ló máa kọ́kọ́ bí yín nínú o, ìpè ni. Ìyá pè láti ilé, orin dákẹ́ gbáà, gbogbo àlejò yíjú sí yín. Nǹkan wọlé lórí WhatsApp, ó dún tíìn látinú wúfà. Wi-Fi ò rí bẹ́ẹ̀: pẹ̀lú Spotify Connect tàbí Chromecast, soundbar fúnra ẹ̀ ló ń lọ mú orin wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè gba ìpè, ẹ lè gbé fóònù jáde lọ ra búrẹ́dì, orin ò ní dúró. Dátà ló máa jẹ ṣá, 320 kbps fún wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 144 MB, ẹ ṣírò ẹ̀ bí orin bá ń kọ látàárọ̀ dalẹ́.

Àwọn tó kó orin sí flash náà wà, mo kí yín o. Ẹ ṣọ́ra, ihò USB tó wà lẹ́yìn àwọn soundbar kan, fún àtúnṣe sọfitíwia nìkan ni, kì í ka orin, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti TV ńkọ́? HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí ni kẹ́ ẹ wá, òun ló ń jẹ́ kí rìmóòtù TV darí fọ́lúùmù, orin YouTube orí TV á sì gba ibẹ̀ jáde.

Ti iná àti àtúnṣe, mà á máa mẹ́nu bà á bá a bá ṣe ń lọ.

IGI KAN ṢOṢO, KÒ SÍ WÚFÀ LỌ́TỌ̀

Irú ẹ̀ ni JBL Bar 2.0 All-in-One tó gùn tó nǹkan bíi 61 sẹ̀ǹtímítà, Yamaha SR-B20A tó tó 91, àti Hisense HS214. Owó wọn kéré, wáyà iná ẹyọ kan, wáyà TV ẹyọ kan, ó parí. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, ínfátà kékeré lè gbé wọn pẹ̀lú TV láìsí wàhálà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Yamaha ni mo fẹ́ràn fún orin, torí ó gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ohùn àárín ẹ̀ sì mọ́. Ẹ má wulẹ̀ máa retí báàsì tó ń gbá àyà o. Gìtá báàsì á wà níbẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ó ń lọ, ẹ ò kàn ní fara mọ̀ ọ́n ni.

Ìyẹn ò sì burú fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń gbé fúláàtì ní London tàbí Manchester, tí ará ìsàlẹ̀ máa ń fi igi kan àjà tí báàsì bá ti dún ju bó ṣe yẹ lọ, irú èyí gan-an ló máa fún un láàyè láti gbọ́ orin lálẹ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kan náà, kí ló fẹ́ fi wúfà ńlá ṣe? Kó tó kúrò nídìí ibùsùn ohùn ti dé ojú fèrèsé.

IGI PẸ̀LÚ WÚFÀ LỌ́TỌ̀ (2.1)

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pàdé sí, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dúró díẹ̀. JBL Bar 2.1 Deep Bass ní wúfà ínǹṣì mẹ́fà àbọ̀, Hisense HS218 náà jẹ́ 2.1, owó tirẹ̀ sì rọjú jù ú lọ. Wúfà wọn kì í so wáyà mọ́ igi, wáyà iná nìkan ló ní, ẹ lè gbé e síbi tó bá wù yín.

Fún Afrobeats àti amapiano, kò sí ẹjọ́, irú èyí ló yẹ. Fún fújì ńkọ́? Ó dá lórí bí wọ́n ṣe so igi àti wúfà pọ̀. Nínú àwọn sẹ́tì olówó pọ́ọ́kú, sípíkà inú igi kéré débi pé wọ́n ní láti ti wúfà kó máa kọrin tó ga ju tiẹ̀ lọ, ibi tí igi ti parí kì í sì í ṣe ibi tí wúfà ti bẹ̀rẹ̀, ihò wá wà láàárín àwọn méjèèjì, inú ihò yẹn ni ìsàlẹ̀ ohùn ọkùnrin àti ikùn ìlù ńlá ń já sí. Ẹ máa gbọ́ báàsì, ẹ máa gbọ́ olórin, ṣùgbọ́n ara olórin á fúyẹ́, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n dín wúfà kù dé ìdajì. Tí orin bá ti tútù pátápátá, ẹ mọ̀ pé wúfà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́tì yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, wúfà tí àwọn èèyàn ń pè ní burúkú, ibi tí wọ́n gbé e sí ló burú. Kọ́nà pálọ̀ máa ń sọ báàsì di húù-húù, gbogbo nóòtì á wá dún bákan náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ohun kan, ẹ máa fi mí ṣẹlẹ́yà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ẹ gbé wúfà sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ẹ ti orin tí báàsì ẹ̀ ń rìn kiri bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá máa fi orúnkún àti ọwọ́ rá kiri ẹ̀gbẹ́ ògiri, etí yín nítòsí ilẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ báàsì ní ẹyọ-ẹyọ tó mọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ lé àwọn ọmọ jáde kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti iná: wúfà aláìníwáyà àti igi ẹ̀ ní láti máa mọ ara wọn, bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá yí láti NEPA bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, nígbà míì iná kékeré iwájú wúfà á kàn máa ṣẹ́jú, kò ní dún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò bàjẹ́ o, bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kí wọ́n tún fi mọ ara wọn. Mo ti rí ẹni tó gbé tiẹ̀ lọ fún ẹnjiníà nítorí èyí nìkan, ẹnjiníà náà sì gbowó. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gba iná tó bá ga jù mú kẹ́ ẹ tó ra wáyà HDMI olówó ńlá.

5.1 ONÍWÁYÀ

Sony HT-S20R ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà wa: igi iwájú, wúfà, àti sípíkà kékeré méjì tó máa wà lẹ́yìn yín, wáyà ni wọ́n fi so gbogbo wọn, 400 wọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní HDMI ARC, Bluetooth àti USB.

Mi ò ní purọ́, fún owó ẹ̀, ariwo ẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú ilé gbóná. Àǹfààní ńlá ẹ̀ sì ni wáyà yẹn gan-an tí àwọn èèyàn ń sá fún: kò sí pé wúfà sọnù lójú afẹ́fẹ́, tí sípíkà kan bá sì kú, ẹnjiníà àdúgbò lè tú u wò. Ṣùgbọ́n fún orin tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó gbọ́, àwọn sípíkà ẹ̀yìn ò wúlò púpọ̀, igi iwájú sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi sí Music lórí rìmóòtù, ẹ má fi sí Cinema, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Fún ilé tó kún, tí gbogbo èèyàn ń rìn kiri, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sójú kan, ó dáa.

ÀWỌN TÓ Ń LO WI-FI: SONOS ÀTI ẸGBẸ́ Ẹ̀

Tó bá jẹ́ orin nìkan là ń wò, ẹgbẹ́ yìí ló mọ ohun tó ń ṣe jù nínú gbogbo igi. Sonos Ray jáde ní 2022 ní dọ́là 279, Beam (Gen 2) ní 2021 ní dọ́là 449, Arc Ultra ní 2024 ní dọ́là 999. Owó ọjọ́ tí wọ́n jáde ni mo kọ yẹn o, ti ọjà lónìí lè yàtọ̀. Beam ò ju nǹkan bíi 65 sẹ̀ǹtímítà lọ, síbẹ̀ ohùn àárín ẹ̀ mọ́ ju ti àwọn igi mìíràn tó gùn jù ú lọ, gángan á sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́. Ẹ sì lè fi òmíràn sí kíṣìnnì, kí orin kan náà máa lọ ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń ro ọkà ò ní pàdánù nǹkan kan.

Wàhálà ẹ̀ rèé. Beam ò ní Bluetooth, Ray náà ò ní. Mo tún un sọ torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rà á tán kó tó mọ̀. Arc Ultra ní in. Ray ò ní HDMI pàápàá, optical, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, nìkan ni. Ẹni tó bá lo iPhone ní AirPlay 2 tó ń fi Wi-Fi gbé orin láti orí fóònù, oní-Android á máa lo ápù Sonos tàbí Spotify Connect. Trueplay tí wọ́n fi ń tún ohùn Beam ṣe kó bá yàrá mu, iPhone tàbí iPad ló ń fẹ́. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ ápù yẹn dáadáa: ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sonos yí ápù ẹ̀ padà, oríṣiríṣi nǹkan tí àwọn èèyàn ti ń lò sọnù nínú ẹ̀, ariwo gba ayé kan, ọ̀gá wọn Patrick Spence tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nípò ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ápù náà ti gbádùn sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà: Beam àti Ray ò lè gba orin láti orí fóònù láìsí Wi-Fi ilé.

Tí Wi-Fi ilé yín bá wá jẹ́ hotspot fóònù kan náà tẹ́ ẹ fi ń lọ sọ́ọ̀bù, tí orin á máa kú tí ẹ bá ti jáde, ẹ fi Beam sílẹ̀. Ẹni tó ní Wi-Fi tó dúró sójú kan tó sì ń wà lórí ínfátà, á gbádùn ẹ̀.

Bluesound Pulse Soundbar+ wà fún àwọn tó ń ra orin ní fáìlì ńlá, ó ń ka èyí tó tó 24-bit/192 kHz. Èèyàn mélòó nínú wa nìyẹn? Àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn.

ÀWỌN ÒMÌRÁN

Samsung HW-Q990D jẹ́ 11.1.4, JBL Bar 1000 jẹ́ 7.1.4 pẹ̀lú wúfà ínǹṣì mẹ́wàá, Sennheiser Ambeo Soundbar tí wọ́n wá ń pè ní Max jáde ní 2019 ní dọ́là 2,499, ó wúwo tó 18.5 kílò, ẹ ò ní dá nìkan gbé e kọ́ ògiri. Fún fíìmù, ẹ máa pariwo. Fún orin, mo ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ambeo yẹn ni igi kan ṣoṣo tí mo lè sọ pé kò nílò wúfà fún orin jùjú, sípíkà ínǹṣì mẹ́rin mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, ó sanra, ó gùn ju mítà kan lọ, ọ̀tún àti òsì ẹ̀ jìnnà síra gidi. Owó ẹ̀ ni ẹjọ́ ẹ̀. JBL Bar 1000 ní ohun kan tó dùn mọ́ mi: orí méjèèjì igi náà ń yọ, bátìrì wà nínú wọn, wọ́n lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́wàá, ẹ lè gbé wọn sẹ́yìn àga nígbà fíìmù kẹ́ ẹ sì dá wọn padà. Báàsì ẹ̀ fẹ́ràn òde àríyá, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tó fi gbọ́ ohun tó jẹ́ pẹ̀lẹ́. Ti Samsung, ẹ fi sí Standard tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin, kó má máa fọ́n olórin sí gbogbo kọ́nà ilé. Ẹ sì rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2025, àtúnṣe sọfitíwia kan tí Samsung fi ránṣẹ́ sọ àwọn Q990D kan di òkú, àfi kí wọ́n gbé wọn lọ sílé àtúnṣe. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ tó gba tiẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ilé àtúnṣe wo ló fẹ́ gbé e lọ? Bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ohun tó lè bàjẹ́ tí ẹnjiníà yín ò lè tún ṣe náà ń pọ̀ sí i.

ÈYÍ TÍ KÌ Í ṢE SOUNDBAR RÁRÁ

Ó yẹ kí n fi í sínú ẹ̀, bó bá tiẹ̀ ń bí àwọn tó ti ra igi nínú. Edifier R1280DB: sípíkà méjì aláṣọ igi, amúgbóhùngbòòrò ti wà nínú ọ̀kan, wáyà kan ló so èkejì mọ́ ọn. Sípíkà ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin, wọ́ọ̀tì wọn ò ju 42 lọ, ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín àbí, RMS nìyẹn o. Ó ní Bluetooth, ó ní optical tẹ́ ẹ lè fi so ó mọ́ TV, ó ní rìmóòtù tiẹ̀. Kò ní HDMI, torí náà rìmóòtù TV ò ní darí fọ́lúùmù ẹ̀, rìmóòtù méjì á wà lórí tábìlì, ìyàwó ilé á sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún TV, èkejì sápá òsì, kí wọ́n jìnnà síra tó mítà méjì, ẹ jókòó síwájú wọn ní àárín, ẹ fi orin jùjú àtijọ́ kan sí i. Gìtá á yọ lápá ibí, elégbè á dáhùn lápá ọ̀hún, ìyáàlù á bá yín sọ̀rọ̀ láàárín. Kò sí igi kankan tí owó ẹ̀ sún mọ́ tiẹ̀ tó ń ṣe èyí. Tí báàsì ò bá tó yín, èyí tí wọ́n kọ s mọ́ lẹ́yìn, R1280DBs, ní ihò tẹ́ ẹ lè so wúfà mọ́ lọ́jọ́ tówó bá dé.

KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ

Yálà Alaba lẹ lọ ni o, Computer Village ni o, tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní AC, orin tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn dún un fún yín, tiwọn ti wà níbẹ̀ torí ó ń bo àléébù. Ẹ gbọ́ ọ ní fọ́lúùmù kékeré kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ ní ńlá. Ẹ rìn sẹ́yìn tó ibi tí àga yín máa wà. Ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ pẹ̀lú ti ara páálí, kí wọ́n jọ bára mu.

Èyí tó bá wá láti òkè òkun, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, àti ẹ̀yìn wúfà náà, torí wúfà ní wáyà iná tiẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 100-240V sí i, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná ilé wa láìsí transformer, ẹ máa rí èéfín. Ti London ò ní wàhálà yìí, ẹnu wáyà wọn pàápàá bá ihò ògiri wa mu.

TA LÓ YẸ KÓ RA ÈWO?

Owó ò pọ̀, yàrá kéré tàbí alájọgbé ń ráhùn: igi kan ṣoṣo, Yamaha SR-B20A tẹ́ ẹ bá rí i.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn Afrobeats, tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń wá sílé: 2.1, JBL Bar 2.1 tówó bá ká a, Hisense HS218 tí kò bá ká a.

Ilé ẹlẹ́bí tí fíìmù àti orin ti dọ́gba, tí àtúnṣe àdúgbò sì ṣe pàtàkì: Sony HT-S20R.

Ẹni tó ní Wi-Fi tó dúró àti iPhone lọ́wọ́, tó fẹ́ kí orin máa tẹ̀ lé òun kiri ilé: Sonos Beam, wúfà lè tẹ̀ lé e tó bá yá.

Ẹni tówó ń sọ̀rọ̀ fún: Ambeo Max fún orin, Samsung tàbí JBL tí fíìmù bá wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Bàbá tàbí màmá tó fẹ́ jókòó, kí wọ́n gbọ́ jùjú, àpàlà àti sákárà bó ṣe yẹ, tí TV kàn jẹ́ fún ìròyìn: Edifier méjì yẹn, kí ọmọ wọn bá wọn so Bluetooth ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọjà tàbí ìpàdé àdúgbò tí kò níná ló fẹ́ gbé e lọ, kò sí èyíkéyìí níbí tó bá a mu, kó lọ wo àwọn sípíkà oníbátìrì ńlá tó ní ihò máíkì, ìyẹn ń fẹ́ àlàyé tiẹ̀ lọ́tọ̀.